Lílo Oògùn Apakoríko Nínú Oko Òwú

Òwú kì í tètè dàgbà. Láàárín ọ̀sẹ̀ 6 sí 8 àkọ́kọ́ lẹ́yìn tí ó bá hù, ewé rẹ̀ kò tíì lè ṣíji bo ilẹ̀; èpò ni yóò sì máa jẹ oúnjẹ inú ilẹ̀ mọ́ ọn lẹ́nu. Ìpalára ìgbà yìí kì í ṣeé túnṣe bí a bá pẹ́ kí a tó roko. Àkókò náà gan-an ni iṣẹ́ oko mìíràn ń pọ̀ lọ́wọ́ àgbẹ̀, tí owó alágbàṣe sì ń wọ́n. Oògùn apakoríko lè ràn wá lọ́wọ́, bí a bá mọ̀ ọ́n lò.

Àkókò àti irú oògùn

1. Kí a tó gbìn: Bí ẹ̀kan bá wà lórí ilẹ̀, kí a fín glyphosate sí i nígbà tí ewé rẹ̀ tutù yọ̀yọ̀. Kí a dúró fún nǹkan bí ọ̀sẹ̀ 2 kí a tó kọ ilẹ̀ náà, kí oògùn lè dé gbòǹgbò.

2. Lẹ́yìn gbígbìn, kí òwú tó hù: Kí a fín pendimethalin, diuron tàbí fluometuron sórí ilẹ̀ tí ó ní ọ̀rinrin. Èpò tí ń hù ni wọ́n ń dènà. Wọn kò ní pa ẹ̀kan tí ó ti fìdí múlẹ̀.

3. Lẹ́yìn tí òwú bá hù: Fluazifop ń pa koríko láìpa òwú lára. Kò ràn imí-eṣú tàbí tẹ̀tẹ̀ ẹlẹ́gùn-ún. Ọkọ́ ni kí a fi ro ìwọ̀nyí.

Ìkìlọ̀ pàtàkì

Ọ̀tá òwú ni 2,4-D. Ìwọ̀nba díẹ̀ tí afẹ́fẹ́ gbé wá láti oko àgbàdo, tàbí tí ó ṣẹ́ kù nínú pọ́ǹpù, tó láti mú kí ewé òwú ká kò, kí èso rẹ̀ sì dínkù. Kí pọ́ǹpù òwú dá wà lọ́tọ̀. Òwú tí ìjọba fọwọ́ sí ní 2018 ń kojú kòkòrò tí ń jẹ èso òwú ni. Kò kojú oògùn apakoríko. Nítorí náà, glyphosate kò gbọdọ̀ kàn án.

Bí a ṣe ń wọn oògùn

Bu omi lásán lítà 10 sínú pọ́ǹpù. Fín ilẹ̀ tí ó jẹ́ mítà 10 ní gígùn àti mítà 10 ní ìbú, kí o sì wọn omi tí ó kù. Bí lítà 8 bá kù, lítà 2 ni o lò. Hẹ́kítà 1 jẹ́ ìlọ́po 100 ilẹ̀ náà. Yóò gba lítà 200. Bí ìwé ara ìgò bá wí pé lítà 3 oògùn ni fún hẹ́kítà 1, mìlílítà 15 ni fún lítà omi kọ̀ọ̀kan, èyíinì ni mìlílítà 225 fún pọ́ǹpù lítà 15.

Ààbò

Àjọ NAFDAC ti fòfin de paraquat láti oṣù kìíní 2024. Ẹ má ṣe rà á mọ́. Ẹ wọ ìbọ̀wọ́ àti bàtà gígùn, ẹ bo imú, ẹ má sì fín oògùn nígbà tí afẹ́fẹ́ bá ń fẹ́ líle. Ẹ má ṣe fi ìgò oògùn bu omi tàbí epo láéláé. Ẹ dá a lu, kí ẹnikẹ́ni má lè tún un lò.