Ẹni tí A Gba Ìwé-àṣẹ Ìwakọ̀ Lọ́wọ́ Rẹ̀

Ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ a máa gbé ènìyàn dé ibi tí ẹsẹ̀ kò lè tètè dé, ṣùgbọ́n ìṣẹ́jú kan péré tó fún un láti ba ohun tí ẹnìkan fi ọ̀pọ̀ ọdún kó jọ jẹ́. Nítorí èyí ni òfin ṣe pàṣẹ pé kí ẹni tí yóò wa ọkọ̀ ní ìnṣọ́ránsì, èyí tí àwọn mìíràn ń pè ní adójútòfò. Òfin ọdún 1930 ni ó sọ ọ́ di dandan ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì; irú òfin kan náà sì jáde ní Nàìjíríà ní ọdún 1945.

Ìnṣọ́ránsì fi ara jọ èsúsú, ṣùgbọ́n wọn kì í ṣe ọ̀kan náà. Nínú èsúsú, olúkúlùkù ni yóò kó owó rẹ̀ nígbà tí ó bá kàn án. Nínú ìnṣọ́ránsì, gbogbo ènìyàn ni ó ń dá owó, ṣùgbọ́n ẹni tí òfò bá ṣe nìkan ni a ń ṣí àpò fún. Èyí tí òfin sọ di dandan kì í sì í ṣe nítorí ọkọ̀ ẹni tí ó rà á, bí kò ṣe nítorí ẹni tí ọkọ̀ náà lè kọlù: ẹlẹ́sẹ̀ tí ń sọdá, oníkẹ̀kẹ́, tàbí awakọ̀ mìíràn.

Ọ̀pọ̀ ọmọ Yorùbá ni ó ń gbé ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ó sì yẹ kí ẹni tí ó ń lọ síbẹ̀ mọ bí òfin náà ti le tó. Kì í ṣe gbogbo awakọ̀ tí kò ní ìnṣọ́ránsì ni ó mọ̀ọ́mọ̀ ṣẹ̀. Òmíràn ń san owó lóṣooṣù. Bí owó bá tán ní báńkì rẹ̀, ilé-iṣẹ́ ìnṣọ́ránsì a kọ lẹ́tà sí i. Bí ó bá ti kó kúrò ní ilé tí lẹ́tà náà lọ, kò ní mọ̀ pé a ti fagi lé àdéhùn rẹ̀. Síbẹ̀, “èmi kò mọ̀” kò lè gbà á lọ́wọ́ òfin yìí. Ọlọ́pàá lè gbẹ́sẹ̀ lé ọkọ̀ náà lójú pópó. Ní ọdún 2025, ìyà tí ó wọ́pọ̀ ni owó ìtanràn pọ́n-ùn 300 àti àmì ẹ̀ṣẹ̀ 6 lórí ìwé-àṣẹ. Bí ọ̀rọ̀ bá sì dé ilé-ẹjọ́, adájọ́ lè fi òfin dè é pé kò gbọdọ̀ wakọ̀ fún ìgbà kan. Awakọ̀ tuntun ni ó burú jù fún. Bí kò bá tíì pé ọdún 2 tí ó yege ìdánwò, àmì 6 náà tó láti gba ìwé-àṣẹ lọ́wọ́ rẹ̀. Yóò padà di akẹ́kọ̀ọ́, yóò sì tún ṣe ìdánwò méjèèjì, ti ìwé àti ti ojú pópó.

Bí ó bá yege tán, ìṣòro mìíràn ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ni. Àmì náà yóò wà lórí ìwé-àṣẹ rẹ̀ fún ọdún 4, àwọn ilé-iṣẹ́ ìnṣọ́ránsì sì lè bi í léèrè nípa ẹ̀ṣẹ̀ náà títí di ọdún 5. Òmíràn yóò kọ̀ ọ́. Òmíràn yóò gbà á, ṣùgbọ́n owó tí yóò bù fún un yóò ga ju ti ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ. Níbí ni ìdánwò kẹta wà. Ẹnìkan lè gbà á nímọ̀ràn pé kí ó fi ẹ̀ṣẹ̀ náà pamọ́, tàbí kí ó bẹ bàbá tàbí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ pé kí ó fi orúkọ tirẹ̀ ra ìnṣọ́ránsì, bí ẹni pé òun ni ó ń wa ọkọ̀ náà jù. Ẹ̀tàn ni èyí. Bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ yóò bá a. Ọjọ́ tí ìjàǹbá bá ṣẹlẹ̀ ni ilé-iṣẹ́ náà yóò yẹ ìwé wò. Ó lè kọ̀ láti tún ọkọ̀ náà ṣe, àti ẹni tí ó yá orúkọ rẹ̀ yóò pín nínú ẹ̀bi náà.

Ọ̀nà títọ́ kò rọrùn, ṣùgbọ́n ó wà. Kí ó sọ òtítọ́ sí gbogbo ìbéèrè. Kí ó wá alágbàtà ìnṣọ́ránsì, nítorí alágbàtà mọ àwọn ilé-iṣẹ́ tí ń gba irú ẹni bẹ́ẹ̀. Kí ó ra ọkọ̀ tí ẹ̀rọ rẹ̀ kéré. Bí ó bá ní agbára, kí ó san owó ọdún kan lẹ́ẹ̀kan náà, nítorí èlé sábà máa ń wà lórí sísan lóṣooṣù. Kí ó má sì ṣe rò pé a ń rẹ́ òun jẹ. Láti ọdún 1946 ni àwọn ilé-iṣẹ́ ìnṣọ́ránsì ti dá àjọ kan sílẹ̀, Motor Insurers' Bureau, tí ń san owó fún ẹni tí awakọ̀ tí kò ní ìnṣọ́ránsì bá ṣe léṣe. Láti inú owó tí àwọn tí ń pa òfin mọ́ ń dá ni owó náà ti ń jáde.

Owó ńlá tí a ń san lẹ́yìn ẹ̀ṣẹ̀ a máa dín kù bí ọdún ti ń gorí ọdún láìsí ẹ̀ṣẹ̀ mìíràn. Ọdún 5 pẹ́ lójú ọ̀dọ́, ṣùgbọ́n ó ní òpin.

Ìbéèrè
1. Kí ni ó ya ìnṣọ́ránsì sọ́tọ̀ kúrò lára èsúsú?
2. Èéṣe tí kò fi yẹ kí ènìyàn yá ẹlòmíràn ní orúkọ rẹ̀ láti fi ra ìnṣọ́ránsì?
3. Kọ àròkọ lórí òwe yìí: “Bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ yóò bá a.”