Kí A Tó Gbé Orí Ọmọ Tuntun

Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Gbogbo wa la mọ òwe yìí, a sì ti rí i kó ṣẹ níṣojú wa. Obìnrin kan pọnmọ, ó ń nájà, ọmọ ti sùn, orí ti yẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kan. Ìyá aláta dìde lórí àpótí, ó fi omi ṣan ọwọ́, ó nù ún mọ́ ìdí ìró kí ata má baà ta sọ́mọ lójú. Ó fi àtẹ́lẹwọ́ gbé orí náà, ó fi ọwọ́ kejì fa ọ̀já sókè díẹ̀, ó ní, "Ìyá ọmọ, ẹ dúró ná, ẹ so ó le." Ó padà sídìí ọjà rẹ̀.

Gbogbo iṣẹ́ àmójútó ọmọdé ló wà nínú ohun tí ìyá yẹn ṣe. Ó ṣan ọwọ́ kó tó fọwọ́ kan ọmọ. Kò fa orí, ó gbé e ni. Ìyá ọmọ ló bá sọ̀rọ̀, kò pariwo rẹ̀ fún gbogbo ọjà, kò sì já ọmọ gbà lẹ́yìn ìyá rẹ̀. Àwọn tó ń wọṣẹ́ yìí láìkọ́ ọ kì í ṣe ènìyàn burúkú. Inú rere ló gbé wọn dìde, ṣùgbọ́n ọwọ́ ata ni wọ́n fi ń gbé ọmọ.

Ọmọbìnrin kan ní àdúgbò wa wá bá mi nígbà tó jáde ilé ìwé girama, torí ó mọ̀ pé iṣẹ́ àmójútó ọmọdé yìí, tí à ń pè ní wẹ́fíà, ni mo fi ọjọ́ ayé mi ṣe. Ó kúnlẹ̀, ó ní, "Ẹ kú ìrọ̀lẹ́, mà. Wẹ́fíà ló wù mí kí n ṣe. Mo fẹ́ràn ọmọdé gan-an." Mo ní, "O ṣeun, ọmọ mi. Tí ọmọ bá bú ẹ, tó tutọ́ sí ẹ lára, tó tún ní òun kò fẹ́ rí ẹ mọ́, ṣé wàá lè jókòó tì í láìgbọ́wọ́ sókè?" Ó dákẹ́. Ìdákẹ́ yẹn tẹ́ mi lọ́rùn. Ẹni tó bá yára dá ìbéèrè yẹn lóhùn ni àyà mi máa ń já fún.

Mo sọ ibi tó ti lè kọ́ṣẹ́ fún un. Yunifásítì Ìbàdàn àti ti Èkó ní ẹ̀ka tí wọ́n ti ń kọ́ iṣẹ́ yìí gba dìgírì. Ilé ẹ̀kọ́ ìjọba àpapọ̀ tó wà fún un ní Enugu náà ń bẹ. Àwọn ọmọ wa tó wà ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tí ọ̀pọ̀ nínú wọn ń ṣiṣẹ́ ní ilé tí wọ́n ti ń tọ́jú ọmọ tí kò sí lọ́dọ̀ òbí, ọ̀nà tiwọn yàtọ̀ díẹ̀: irú ilé bẹ́ẹ̀ lè gbà ọ́ síṣẹ́ kó o tó níwèé, wọ́n á kọ́kọ́ yẹ àkọsílẹ̀ rẹ wò lọ́dọ̀ ọlọ́pàá, lẹ́yìn náà wọ́n á fún ọ ní ọdún méjì láti gba ìwé ẹ̀rí dípúlọ́mà Level 3. Níbikíbi tó wù kó jẹ́, má ṣe dúró de ìwé kó o tó bẹ̀rẹ̀ sí í rí ọmọ. Lọ bẹ ilé ọmọ aláìlóbìí kan, fi ọ̀sán méjì lọ́sẹ̀ ràn wọ́n lọ́wọ́ lọ́fẹ̀ẹ́.

Kó o sì ka òfin. Láti ayé ìjọba amúnisìn ni wẹ́fíà ti wà l'Ékòó, ní àwọn ọdún 1940, nígbà tí àwọn ọmọkùnrin tó ń sùn sí ọjà ń kọ ìjọba lóminú. 1943 ni wọ́n ṣòfin lórí àwọn ọmọdé. Lójú òyìnbó ìgbà náà, ọmọ tó ń rìn kiri sún mọ́ ọ̀daràn ju ọmọ tí ìyà ń jẹ lọ. Títí di òní, orúkọ wẹ́fíà làwọn kan fi ń dẹ́rù ba ọmọ. Òfin Ẹ̀tọ́ Ọmọdé ti 2003, tí ìpínlẹ̀ Èkó sọ di tirẹ̀ ní 2007, yí ojú ọ̀rọ̀ padà: ire ọmọ ni kó ṣáájú nínú ohunkóhun tí a bá fẹ́ ṣe lórí ọ̀rọ̀ rẹ̀, ẹni tí kò bá tíì pé ọdún 18, ọmọdé ni, a kò sì gbọdọ̀ gbà á ṣe ọmọ ọ̀dọ̀ níta ilé àti ẹbí rẹ̀. Bí o kò bá mọ èyí, kí lo fẹ́ sọ fún ọ̀gá obìnrin tó gba ọmọ ọ̀dọ̀, tó ní òun ń ran ọmọ náà lọ́wọ́ ni?

Agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà ni. Ní oṣù Kẹrin 1999, ọmọbìnrin kan tó ń jẹ́ Victoria Climbié gúnlẹ̀ sí Lọ́ńdọ̀nù. Ìtòsí Abidjan ní Ivory Coast ni wọ́n bí i sí. Àwọn òbí rẹ̀ fà á lé àǹtí bàbá rẹ̀ lọ́wọ́ kó lè kàwé lókè òkun, bí àwa náà ti ń fa ọmọ lé ẹbí lọ́wọ́ títí dòní. Ní ọjọ́ 25 oṣù Kejì 2000, ó kú. Ọmọ ọdún 8 ni, ojú ọgbẹ́ àti àpá 128 ni wọ́n kà lára rẹ̀. Nígbà tí Lord Laming gbé ìwádìí rẹ̀ lórí ikú ọmọ náà jáde ní 2003, ó ka ìgbà 12 tí àwọn òṣìṣẹ́ ìbá ti yọ ọmọ náà. Dókítà rí i, ọlọ́pàá gbọ́ nípa rẹ̀, wẹ́fíà ṣí fáìlì fún un. Ọ̀dọ́ tí kò tíì pẹ́ níṣẹ́ ni fáìlì náà wà lọ́wọ́ rẹ̀ kẹ́yìn. Ẹ̀ẹ̀mẹrin péré ló rí ọmọ náà, àpapọ̀ àkókò tó lò pẹ̀lú rẹ̀ kò tó ìṣẹ́jú 30. Ẹnu àgbà ni òṣìṣẹ́ yìí ti ń gbọ́ ọ̀rọ̀, kì í ṣe ẹnu ọmọ.

Ohun kan wà nínú ìwádìí yẹn tó yẹ kó dun Yorùbá ju ẹlòmíràn lọ. Ọmọ náà máa ń dúró ṣánṣán bíi sójà níwájú àǹtí yìí, àwọn tó rí i sì rò pé bí ọmọ Áfíríkà ṣe ń bọ̀wọ̀ fún àgbà nìyẹn. Àwa tí à ń kúnlẹ̀, tí à ń dọ̀bálẹ̀, mọ̀ pé ọmọ tó bọ̀wọ̀ fúnni á kúnlẹ̀ tán, á dìde, á sáré padà sídìí eré rẹ̀. Ọmọ tí ẹ̀rù ń bà kì í gbójú kúrò lára ọwọ́ àgbà. Kò sí kíláàsì tí wọ́n ti lè kọ́ òyìnbó ní èyí bí a ṣe mọ̀ ọ́n. Ẹ má jẹ́ kí ìwé mú un kúrò lójú yín.

Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ. Bí ọmọ bá fẹ́ sọ̀rọ̀, má fi ọ̀rọ̀ sí i lẹ́nu. "Ṣé bọ̀ọ̀dá ló lù ẹ́?" kì í ṣe ìbéèrè, ìdáhùn ni o ti gbé fún un. Sọ pé, "Sọ fún mi, kí ló ṣẹlẹ̀?" kó o wá panu mọ́. Bó bá sì ní, "Àǹtí, ẹ ṣèlérí pé ẹ ò ní sọ fún ẹnikẹ́ni," má ṣèlérí yẹn. Mo ti ṣe é rí, nígbà tí mi ò tíì kọ́ṣẹ́. Nígbà tí mo wá sọ ọ́, tó sì pọn dandan kí n sọ ọ́, ọmọ náà kò bá mi sọ̀rọ̀ mọ́ títí ó fi kúrò lọ́dọ̀ wa. Ohun tí mò ń sọ báyìí ni, "Àwọn tó lè ràn ẹ́ lọ́wọ́ nìkan ni màá sọ ọ́ fún, mo sì máa kọ́kọ́ fi tó ẹ létí." Àwọn mìíràn á dákẹ́ díẹ̀. Púpọ̀ nínú wọn á tún padà wá.

Má mú ọmọ lọ sílé rẹ sùn, bó ti wù kí àánú ṣe ọ́ tó. Má gbé fọ́tò rẹ̀ sórí Facebook láti fi tọrọ owó.

Ọwọ́ kan ò gbé igbá dórí. Nígbà tí wọ́n bá ń fọ̀rọ̀ wá ọ lẹ́nu wò fún iṣẹ́, bi wọ́n léèrè pẹ̀lú: ọmọ mélòó ni yóò wà lọ́wọ́ mi? Ta ni yóò máa bá mi ka fáìlì wọn lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀? Ibi tí kò bá ti sí àgbà tí o lè lọ bá pé "Ọ̀rọ̀ yìí kò jẹ́ kí n sùn," ṣọ́ra níbẹ̀. Owó iṣẹ́ yìí kò pọ̀, mi ò ní tàn ọ́. Ṣùgbọ́n àìlólùrànlọ́wọ́ ló ń lé àwọn tó mọ̀ ọ́n ṣe kúrò nídìí rẹ̀ ju owó lọ, lójú tèmi.

Ọmọbìnrin tí mo sọ yẹn ti ń lọ sí ilé ọmọ kan báyìí, ní ọjọ́rú àti ọjọ́ Àìkú. Mo ní kó máa kọ ohun tó bá rí sílẹ̀, kì í ṣe ohun tó bá rò. Lọ́sẹ̀ tó kọjá ó mú ìwé rẹ̀ wá hàn mí. Lórí ojú ewé àkọ́kọ́ ó ti kọ "Ọmọ alágídí," ó sì ti fi bírò fa ìlà gba orí rẹ̀ kọjá. Ohun tó kọ sábẹ́ rẹ̀ ni: "Ó ju ṣíbí nù lẹ́ẹ̀mejì. Kò jẹun. Ẹnu ọ̀nà ló ń wò. Ọjọ́ Àìkú lónìí, ọjọ́ tí ìyá rẹ̀ ní òun máa wá."