Ẹ Sọ̀ Kalẹ̀, Ẹ Fẹsẹ̀ Wo Ọ̀nà

Fídíò kan tí wọ́n ń fi foonu hàn kiri ní gáréèjì Ìkọ̀lé ló bí mi nínú tí mo fi mú bírò. Ọmọkùnrin kan gbé Hilux ọ̀gá rẹ̀ kọ lu adágún omi tí òjò dá sójú ọ̀nà oko kan lẹ́yìn Ìtapàjì. Kò dúró, kò wò ó, eré ló bá wọ̀ ọ́. Omi ta bo orí ọkọ̀, ó yọ lódìkejì, àwọn èèyàn sì ń hó yèè pé ọ̀gá awakọ̀ ni. Àwọn obìnrin jókòó lé àpò gàrí lẹ́yìn ọkọ̀ náà, ọ̀kan gbé ọmọ pọ̀n. Kò sẹ́ni tó bèèrè ohun tí ì bá dé bá wọn.

Ẹ̀yin ọmọ mi, ìyẹn kọ́ là ń pè ní ọ̀gá awakọ̀. Ọlọ́run ló kó wọn yọ.

Mi ò ní kọ́ yín ní jíà kìíní. Ẹ mọ̀ pé a kì í tẹ bíréèkì lójijì lórí ilẹ̀ pupa tí òjò ti rin, ẹ sì mọ̀ pé a kì í pààrọ̀ jíà láàárín omi. Ohun tí ẹ kì í ṣe mọ́ ni kí ẹ dá ọkọ̀ dúró síbi tó le, kí ẹ ká ṣòkòtò, kí ẹ gé ọ̀pá, kí ẹ sì fẹsẹ̀ ara yín rin ibi tí táyà máa gbà.

Láti Ọ̀yẹ́ lọ dé Ìpaò àti Òkè-Àkò, ilẹ̀ tí irin pọ̀ nínú rẹ̀ là ń wa ọkọ̀ lé. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, ó le bí àpáta. Bí òjò bá rọ̀, òkè rẹ̀ á di ẹrẹ̀ tó ń yọ̀. Níbòmíràn, yangí ṣì wà nísàlẹ̀ tó lè gbé ọkọ̀. Níbòmíràn, amọ̀ ni, táyà á sì rì dé ìdí. Téèyàn bá jókòó sídìí ọkọ̀, ọ̀kan náà ni méjèèjì. Ẹni tó bá fẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́ ló máa mọ̀yàtọ̀.

Ọmọ mọ́tò ni mí lẹ́yìn lọ́rí Bedford, ṣáájú April 2, 1972 tí Nàìjíríà bẹ̀rẹ̀ sí í wakọ̀ ní apá ọ̀tún. Iṣu àti kòkó là ń kó. Ọ̀gá mi ní ọ̀pá kan tó fi ọ̀bẹ ṣàmì sí níbi tí fáànù ẹ́ńjìnnì ga dé. Bí a bá dé etí omi, èmi ló máa ní kí n wọ̀ ọ́. Bí omi bá ti kọjá àmì yẹn, ibẹ̀ la máa sùn. Lálẹ́ ọjọ́ kan, àwọn oníṣu bú u títí. Ó jókòó jẹ́ẹ́, kò dá wọn lóhùn. Nígbà tílẹ̀ mọ́ tí omi fà, a rí i pé àgbàrá ti gé ìdajì ọ̀nà lọ. Àwọn tó bú u ló wá ń kí i. Títí ó fi kú, n kò rí i kó fi ìbínú èrò wakọ̀.

Ẹ lè sọ pé ọkọ̀ òde òní lágbára, pé táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ló ń fà. Òótọ́ ni. Àmọ́ afẹ́fẹ́ ni ẹ́ńjìnnì ń fà símú. Bó bá fa omi, omi kò ṣe é fún pọ̀, ọ̀pá inú ẹ́ńjìnnì á sì tẹ̀. Omi tó ń ṣàn tó bá ga tó 60 sẹ̀ǹtímítà lè gbé ọ̀pọ̀ ọkọ̀ lọ, Hilux náà kò yọ sílẹ̀. Google Maps tí ẹ gbójú lé kò sì mọ ibi tí òjò àná gbẹ́. Ẹ sọ̀ kalẹ̀. Bí omi bá ti ń taari orúnkún yín, ẹ padà sẹ́yìn, ẹ má rìn ín mọ́, ẹ má sì wakọ̀ wọ̀ ọ́.

Ẹ má rò pé ọ̀rọ̀ òjò nìkan ni. Nígbà ọyẹ́, ẹ máa sọ̀ kalẹ̀ wo afárá onígi kí ẹ tó gùn ún. Ikán ti lè jẹ pákó abẹ́ rẹ̀ kí òkè rẹ̀ má yí padà.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ni ọkọ̀, ẹ má gba ọkọ̀ lọ́wọ́ awakọ̀ nítorí pé ó pẹ́ kó tó jíṣẹ́. Ẹ̀yin èrò, mo bẹ̀ yín, bí ọmọ náà bá dúró létí omi tó sì ń ká ṣòkòtò, ẹ má pè é ní ojo. Ẹ sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀, kí ẹ sì jẹ́ kó ráyè wo ọ̀nà.