Bí a ṣe lè dá kẹ́míkà tó ń pa ẹja mọ̀ kó tó dénú odò

Ẹ̀yin oníṣòwò wa ní Mowe, Ibafo àti Ifọ̀, púpọ̀ nínú yín ló ń fi kẹ́míkà wá oúnjẹ òòjọ́: aláró, ẹni tó ń po ọ̀dà, ẹni tó ń ṣe ọṣẹ olómi, ẹni tó ń ta oògùn kòkòrò. Omi tí ẹ fi fọ dúrọ́ọ̀mù, tí ẹ dà sí gọ́tà, kì í dúró síbẹ̀. Ní apá Mowe àti Ibafo, òjò a gbé e dé odò Ògùn. Bí ẹnì kan bá ń fa irú omi bẹ́ẹ̀ sínú adágún ẹja àrọ̀ rẹ̀, òru ọjọ́ kan péré lè sọ ọ́ di onígbèsè.

Ṣé dandan ni kí ẹja kú kí a tó mọ̀ pé kẹ́míkà kan burú? Rárá o.

Epo àti omi

Ẹ wo ìkòkò ọbẹ̀. Iyọ̀ a yọ́ sínú omi, ṣùgbọ́n àwọ̀ ata a lọ bá epo lókè. Bẹ́ẹ̀ ni kẹ́míkà rí: òmíràn fẹ́ràn omi, òmíràn fẹ́ràn epo. Ọ̀rá pọ̀ nínú awọ tó bo sẹ́ẹ̀lì ara ẹja, nítorí náà kẹ́míkà tó fẹ́ràn epo a tètè wọlé.

Hans Horst Meyer, ọmọ Jámánì, ní 1899, àti Charles Ernest Overton, ọmọ Gẹ̀ẹ́sì, ní 1901, ló kọ́kọ́ fi èyí hàn. Ọmọ ọ̀pọ̀lọ́ tó ṣì ń gbé inú omi ni wọ́n lò. Bí kẹ́míkà bá ṣe ń yọ́ sínú òróró olífì ju omi lọ tó, bẹ́ẹ̀ ni èyí tó máa kun ọmọ ọ̀pọ̀lọ́ náà lóorun ṣe ń kéré tó.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀

Ẹ̀wọ̀n kábọ́ọ̀nù ló wà nínú móléékù ọtí. Bí ẹ̀wọ̀n náà bá ṣe ń gùn sí i ló ṣe ń fẹ́ràn epo sí i. Ní Amẹ́ríkà, wọ́n fi ẹja kéékèèké sínú omi fún wákàtí 96 láti mọ ìwọ̀n tó ń pa ìdajì wọn nínú lítà omi kan. Ethanol, ẹlẹ́wọ̀n 2, gba nǹkan bíi mílígíráàmù 14,000. Butanol, ẹlẹ́wọ̀n 4, gba 1,700. Octanol, ẹlẹ́wọ̀n 8, kò gbà ju 13 lọ.

Ẹlẹ́wọ̀n 6, hexanol, ńkọ́? Bí a bá fa ìlà láti orí 4 dé 8, ìṣirò á fún wa ní nǹkan bíi 150. Nígbà tí wọ́n dán an wò, nǹkan bíi 100 ló jẹ́. Kò bára mu géérégé, ṣùgbọ́n kò jìnnà. Irú ìṣirò yìí ni ECOSAR, ètò kọ̀ǹpútà ọ̀fẹ́ ti àjọ tó ń rí sí àyíká ní Amẹ́ríkà, ń ṣe.

Ibi tí ìṣirò ti ń yẹ̀

Dichlorvos tí wọ́n ń fi pa kòkòrò kò fẹ́ràn epo púpọ̀, síbẹ̀ ó ń pa ẹja kíákíá, nítorí iṣan ara ló ń bá jà. Nítorí náà, tí ìṣirò bá ní kẹ́míkà kan burú, ẹ gbà á gbọ́. Tó bá ní kò burú, ẹ ṣì máa ṣọ́ra.

Lindane, tó wà nínú Gammalin 20 tí àwọn kan ń dà sódò láti fi pẹja, fẹ́ràn epo ní tirẹ̀. Ó ń dúró sínú ọ̀rá ẹja, ó sì ń ti ibẹ̀ bọ́ sí ara ẹni tó jẹ ẹ́. Ní 2009, àdéhùn Stockholm fi kún àwọn kẹ́míkà tí gbogbo ayé fẹ́ pa rẹ́.

Ohun tí ẹ máa ṣe

1. Ẹ béèrè ìwé ààbò kẹ́míkà lọ́wọ́ ẹni tó ń tà á, kí ẹ ṣí i sí ìpín 12. Ẹ wá LC50 tí wọ́n kọ fún ẹja. Tí kò bá ju mílígíráàmù 1 lọ nínú lítà kan, májèlé gidi ni.

2. Ẹ wo log Kow níbẹ̀. Tó bá jẹ́ 1, ìlọ́po 10 ló fi fẹ́ràn epo ju omi lọ. Tó bá jẹ́ 4, ìlọ́po 10,000 ni, ó sì lè máa kó jọ sínú ọ̀rá ẹja.

3. Ẹ wo ara ike fún àwòrán òkú ẹja àti igi gbígbẹ. Ẹ má fọ irú ike bẹ́ẹ̀ sí gọ́tà. Ìwọ̀n tí ẹ máa lò tán ni kí ẹ rà.

4. Ẹ̀yin tí ẹ ń sin ẹja, ẹ fi ẹja mélòó kan dán omi tuntun wò fún ọjọ́ kan kí ẹ tó kó ìyókù sí i.

Ojú lalákàn fi ń ṣọ́rí. Ẹni tó bá ka ìpín 12 kó tó sanwó ti dáàbò bo òwò tirẹ̀ àti ti aládùúgbò rẹ̀.