ÌSINMI LÓKÈ ÀTI LẸ́BÀÁ OMI PẸ̀LÚ ỌMỌ KÉKERÉ: BÍ A ṢE LÈ ṢE É LÁÌ JẸ GBÈSÈ

 

Ẹ̀kọ́ oṣù yìí lè dà bí ọ̀rọ̀ olówó létí àwọn kan nínú wa. A fẹ́ sọ̀rọ̀ lórí ìsinmi: bí bàbá àti ìyá tó ń ṣòwò ṣe lè mú ọmọ wọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń rìn kúrò nínú ariwo Oṣòdì fún ọjọ́ mẹ́ta, lọ sí ibi tí òkè àti omi wà, kí wọ́n sì padà sílé láìsí gbèsè lọ́rùn, láìsí àìsàn lára. Ẹ má tíì ṣí ojú ewé o. Ọ̀rọ̀ owó wà nínú rẹ̀, ọ̀rọ̀ ẹ̀mí ọmọ sì wà níbẹ̀ pẹ̀lú.

OHUN TÓ ṢẸLẸ̀ SÍ ÈMI TÍ MO Ń KỌ Ọ́

Nígbà tí àkọ́bí mi pé ọdún kan ààbọ̀, mo yá owó nínú ẹgbẹ́. Mo kọ ọ́ sínú fọ́ọ̀mù pé ọjà ni mo fẹ́ fi rà. Irọ́ ni mo pa. Ìrìn àjò ni mo fẹ́ fi lọ. Ọ̀rẹ́ mi kan tó wà ní òkè òkun ló fi fọ́tò ránṣẹ́ sí mi: òun, ìyàwó rẹ̀ àti ọmọ wọn kékeré jókòó lẹ́bàá adágún omi kan, òkè ńlá sì wà lẹ́yìn wọn. Ojú mi wọ fọ́tò náà. Mo ní tèmi náà yóò ya irú rẹ̀.

Ìbàdàn, Ìdànrè, Ìkọ́gòsì àti Erin-Ìjẹ̀ṣà ni mo kọ sílẹ̀, fún ọjọ́ mẹ́rin péré! Inú ọkọ̀ ni ọmọ ti ń jẹun, inú ọkọ̀ ló ti ń sùn, inú ọkọ̀ náà ló ti ń sunkún. Nígbà tí a dé Ìdànrè, oòrùn ọ̀sán ti mú. Àtẹ̀gùn òkè náà lé ní 600. Ìyá ọmọ pọn ọmọ sẹ́yìn, a bẹ̀rẹ̀ sí í gùn ún. A ò tíì gun ìdá kan nínú mẹ́rin tó fi jókòó. Ó wò mí, ó ní, "Bàbá ọmọ, ṣé òkè la wá wò ni, àbí ọmọ la wá pa?" Mi ò rí èsì fún un.

Lálẹ́ ọjọ́ yẹn ni ọmọ bẹ̀rẹ̀ sí í yàgbẹ́ gbuuru. Ilé ìwòsàn la sùn mọ́jú. A ò dé Ìkọ́gòsì, a ò rí Erin-Ìjẹ̀ṣà. Oṣù mẹ́wàá ni mo fi san owó ẹgbẹ́, ẹ̀ẹ̀mejì ni mo sì pa oṣù jẹ tí wọ́n fi ránṣẹ́ sí onídùúró mi. Ẹ̀gbọ́n náà kò bú mi. Ó kàn béèrè ni, ó ní, "Àbúrò, ṣé ọjà tí o rà yẹn ò tà ni?" Ó dùn mí ju èébú lọ.

Ẹ sì wá gbọ́ ohun kan ṣoṣo tí ọmọ náà gbádùn. Ní àgbàlá ilé tí a sùn sí ní Ìbàdàn, ó rí ewúrẹ́ kan àti ọmọ rẹ̀ méjì. Ó ń tẹ̀ lé wọn, ó ń rẹ́rìn-ín títí ilẹ̀ fi ṣú. Ewúrẹ́ o! Ṣé kò sí ewúrẹ́ ní Ìsọlọ̀ ni?

Ibẹ̀ ni mo ti kọ́ ẹ̀kọ́ tí mo fẹ́ fún yín yìí.

Ẹ̀KỌ́ KÌN-ÍN-NÍ: ỌMỌ NI ÒṢÙWỌ̀N

Ọmọ ọdún kan sí mẹ́ta kò mọ ibi tó lókìkí. Kò mọ̀ pé òkè kan ga ju òkè kejì lọ. Ohun mẹ́rin ló ń wá: kó sùn lásìkò, kó jẹ oúnjẹ tó mọ̀, kó rí ilẹ̀ tí yóò rìn lórí rẹ̀, kí bàbá àti ìyá rẹ̀ má sì máa jágbe. Bí mẹ́rẹ̀ẹ̀rin bá wà, ìsinmi dé. Bí ọ̀kan bá yẹ̀, gbogbo ilé ló máa mọ̀.

Nítorí náà, ibì kan ṣoṣo ni kí ẹ lọ, ilé kan ṣoṣo ni kí ẹ sùn sí. Ohun kan péré ni kí ẹ lọ wò lóòjọ́, ní òwúrọ̀ kí oòrùn tó mú. Lẹ́yìn náà, ẹ padà sílé kí ọmọ jẹun, kó sùn. Ìrọ̀lẹ́ jẹ́ ti eré nínú àgbàlá.

Àwọn tó ń ṣe irú ìsinmi yìí lọ́dọọdún ní Yúróòpù mọ èyí dájú. Ní Switzerland, òkè kan wà tó ń jẹ́ Rigi, lẹ́bàá adágún Lucerne. Láti 1871 ni ọkọ̀ ojú irin ti ń gun òkè náà, irin tó ní eyín ló sì ń gùn kó má baà yọ̀. Ẹni tó ní ọmọ kékeré a wọ ọkọ̀ ojú omi lórí adágún, a wọ ọkọ̀ ojú irin dé orí òkè, a jẹun, a tún sọ̀ kalẹ̀ wá sùn sí ilé tó sùn sí lánàá. Nígbà tí mo tún fọ́tò ọ̀rẹ́ mi wò, mo rí i pé jíjókòó ni wọ́n jókòó. Òkè wà lẹ́yìn wọn lóòótọ́, ṣùgbọ́n wọn ò gùn ún.

Ẹ̀KỌ́ KEJÌ: IBI TÓ SÚN MỌ́ WA

Kò dìgbà tí ẹ bá gba físà. Ibi méjì nìyí tó ṣeé lọ láti ọ̀dọ̀ wa.

Èkíní ni Abẹ́òkúta. Òun ló dára jù fún ẹni tí kò lọ rí. Ọkọ̀ ojú irin tuntun tó ń lọ láti Èkó sí Ìbàdàn bẹ̀rẹ̀ sí í kó èrò ní 2021, ó sì ń dúró ní Agége àti ní Abẹ́òkúta. Láti 2024, ọkọ̀ ojú irin Red Line ti ìpínlẹ̀ Èkó náà ń dúró ní Oṣòdì àti ní Agége. Ẹ kọ́kọ́ béèrè àkókò méjèèjì kí wọ́n bára mu. Fún ọmọ kékeré, ọkọ̀ ojú irin fúnra rẹ̀ ti tó ìran wíwò.

Ní Abẹ́òkúta, Òkè Olúmọ ni ẹ máa lọ wò. 1830 ni àwọn Ẹ̀gbá tẹ ìlú náà dó, abẹ́ òkúta yìí ni wọ́n sì sá sí nígbà ogun. Yàtọ̀ sí àtẹ̀gùn, wọ́n ṣe ẹ̀rọ tó ń gbé èèyàn ròkè síbẹ̀ nígbà tí wọ́n tún ibẹ̀ ṣe ní 2006. Ẹ béèrè bóyá ó ń ṣiṣẹ́ lọ́jọ́ tí ẹ máa lọ. Bí kò bá ṣiṣẹ́, ẹ gùn dé ibi tí agbára yín mọ. Láti ibẹ̀ náà, ẹ ó rí òrùlé ìlú.

Èkejì ni Adó-Àwáyè, nítòsí Ìsẹ́yìn. Níbẹ̀, adágún omi wà lórí òkè gan-an! Ìyákẹ̀ ni wọ́n ń pè é. Ẹ wọ ọkọ̀ ojú irin kan náà dé Móníyà ní Ìbàdàn, kí ẹ gba ọ̀nà Ìsẹ́yìn. Ọ̀nà náà tó kìlómítà 65. Adó-Àwáyè sì tó bíi kìlómítà 20 sí Ìsẹ́yìn. Ẹ má ṣe rin ọ̀nà yìí lóru.

Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ o: àtẹ̀gùn Adó-Àwáyè tó 369, kò sì sí ẹ̀rọ tó ń gbé èèyàn gun òkè náà. Ẹ má pọn ọmọ gùn ún. Ẹ ṣe é báyìí: lọ́jọ́ kìíní, ìyá a gun òkè pẹ̀lú ẹni tó ń fọ̀nà hàn, bàbá a dúró ti ọmọ nísàlẹ̀. Lọ́jọ́ kejì, wọn a pààrọ̀. Bàbá tó bá sọ pé òun ò lè gbé ọmọ fún wákàtí mẹ́ta, ìsinmi ò tíì yá a. Nígbà tí ọmọ bá dàgbà tó láti fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ gùn ún, ẹ tún mú un padà. Òkè ò lọ síbì kankan.

Ẹ sùn sí Ìsẹ́yìn. Ìlú aṣọ òkè ni. Ọmọ yóò máa wo ọkọ̀ ìhunṣọ bó ṣe ń lọ tó ń bọ̀, ẹ̀yin tí ẹ ń ta aṣọ yóò sì mọ iye tó ń jẹ́ lọ́wọ́ ẹni tó ń hun ún.

Ẹ̀KỌ́ KẸTA: OWÓ

Owó ẹ̀yáwó ẹgbẹ́ wà fún ohun tó máa mú owó wọlé. Ìsinmi kì í mú owó wọlé, nítorí náà owó ìfipamọ́ ni ká fi ṣe é. Ẹ wo àpẹẹrẹ yìí. Iye tí mo kọ, àpẹẹrẹ lásán ni. Ẹ béèrè iye ọkọ̀ àti ilé fúnra yín.

Ká ní gbogbo ìnáwó jẹ́ ₦150,000. Ẹ fi ₦30,000 lé e fún ohun tí a ò rò tẹ́lẹ̀, bíi àìsàn. Ó di ₦180,000. Bí ẹ bá ń fi ₦20,000 pamọ́ lóṣooṣù, oṣù mẹ́sàn-án ló máa pé. Bí ẹ bá yá a, tí èlé sì jẹ́ ₦10 lórí ₦100, ẹ ó san ₦198,000. Ìyẹn ni pé ₦18,000 ti bọ́ lọ lásán. Èyí tó sì burú jù ni pé orúkọ onídùúró yín wà nínú rẹ̀.

Ẹ tún ka èrè ọjọ́ tí ẹ ó fi ti ṣọ́ọ̀bù mọ́ ìnáwó náà, tàbí kí ẹ wá ẹni tó máa jókòó tì í. Ẹni tó ń ná ọjà Aswani ti ọjọ́ Ìṣẹ́gun lè jáde ní Ọjọ́rú, kó padà ní ọjọ́ Ẹtì. Ẹ má lọ ní December nígbà tí ọjà gbóná. January àti February ni ọjà máa ń dákẹ́, òjò kì í sì í sábà rọ̀ nígbà náà, òkúta kì í yọ̀.

Ẹ̀KỌ́ KẸRIN: ẸRÙ ÀTI ÌLERA

(a) Omi tó mọ́ ni kí ọmọ máa mu. Ẹ ra ORS lọ́wọ́ oníkẹ́míìsì kí ẹ tó kúrò nílé. Bí kò bá sí, lítà omi mímọ́ kan, ṣíbí ìmu-tíì mẹ́fà ṣúgà àti ìdajì ṣíbí náà iyọ̀, kó má ga ju ẹnu ṣíbí lọ. Bí ìgbẹ́ bá ní ẹ̀jẹ̀, tàbí tí ọmọ ò lè mu nǹkan, ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn kíá.

(b) Ẹ mú àwọ̀n ẹ̀fọn olóògùn dání. Ibà ẹ̀fọn kì í sinmi nítorí pé ẹ̀yin ń sinmi. Ọmọ tí kò tíì pé ọdún márùn-ún ló sì ń ṣe léṣe jù.

(d) Ẹ mú oúnjẹ tó mọ̀: ògì gbígbẹ, ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́. Ìrìn àjò kọ́ ni ibi tí a ti ń tọ́ oúnjẹ tuntun wò fún ọmọ.

(e) Lẹ́bàá omi, ọmọ kò gbọdọ̀ jìn ju ibi tí ọwọ́ yín tó lọ. Omi kékeré lè gbé ọmọ lọ láàárín ìṣẹ́jú kan, kì í sì í pariwo. Ẹ yan ẹnì kan tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ ṣíṣọ́ ọmọ. Bó bá fẹ́ mú fóònù, kó fa ọmọ lé ẹnìkejì lọ́wọ́.

(ẹ) Ẹ má wẹ ọmọ nínú adágún tàbí omi tí kò ṣàn. Ìgbín wẹ́wẹ́ inú irú omi bẹ́ẹ̀ lè ní àrùn tó ń mú kí èèyàn tọ ẹ̀jẹ̀.

BÍ TÈMI ṢE WÁ RÍ LẸ́YÌN-Ọ̀-RẸYÌN

Nígbà tí ọmọ kejì pé ọdún méjì, oṣù mẹ́jọ ni a fi tọ́jú owó. Abẹ́òkúta nìkan la lọ, fún ọjọ́ mẹ́ta. Ní Ọjọ́rú, ọkọ̀ ojú irin, oúnjẹ, oorun. Ní Ọjọ́bọ̀, Olúmọ láàárọ̀, ilé lọ́sàn-án. Ní ọjọ́ Ẹtì, a padà. Nǹkan méjì ni mo rántí jù. Ọmọ ń juwọ́ sí gbogbo ẹni tó wà lẹ́bàá ojú irin. Lọ́sàn-án Ọjọ́bọ̀ sì rèé, ìyá rẹ̀ sùn fún wákàtí méjì. Láti ọjọ́ tí a ti fẹ́ra, èmi ò rí i kó sùn lọ́sàn-án rí.

Nígbà tí a dé, mo mú ọ̀jọ̀jọ̀ àti ẹja lọ sọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n onídùúró mi, mo sì jẹ́wọ́ ohun tí mo fi owó ìgbà yẹn ṣe fún un. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní, "Mo ti mọ̀ tipẹ́. Ẹsẹ̀ ọmọ rẹ ló sọ fún mi. Ọmọ tí kì í dúró jẹ́ẹ́ tẹ́lẹ̀ ló padà dé tí kò lè rìn."

Ẹ̀yin ará, alájẹṣẹ́kù ni orúkọ wa: ẹni tó jẹ, tó sì ṣẹ́kù. Orúkọ náà ò sọ pé ká má jẹ rárá.

ÌBÉÈRÈ FÚN ÌJÍRÒRÒ NÍ ÌPÀDÉ

1. Kí ló dé tí kò fi dára ká fi owó ẹ̀yáwó ẹgbẹ́ lọ sinmi?
2. Bí ìnáwó yín bá jẹ́ ₦240,000, tí ẹ sì ní oṣù mẹ́wàá, èló ni ẹ ó máa fi pamọ́ lóṣù?
3. Ta ni yóò jókòó ti ṣọ́ọ̀bù yín fún ọjọ́ mẹ́ta? Bí kò bá sí, ṣé àwa ọmọ ẹgbẹ́ lè máa bá ara wa jókòó ní ìpààrọ̀?

Ẹ mú èsì ìbéèrè kẹta wá dáadáa. Ó ṣeé ṣe kí iṣẹ́ tuntun fún ẹgbẹ́ wa wà nínú rẹ̀. Ó dìgbà o.