Ọjọ́ Ìsinmi Ìjọba: Báwo Ni Wọ́n Ṣe Ń Mú Un?

 

Ọ̀rọ̀ òní kan oògùn, ó sì kan owó. Ẹni tó ń lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru lè dé ilé ìwòsàn kó bá ilẹ̀kùn ní títì. Ìyá lè gbé ọmọ wá gba abẹ́rẹ́ àjẹsára, kí wọ́n ní kó padà. Kí ló dé? Ìsinmi ni. Ẹ jẹ́ ká mọ bí àwọn ọjọ́ náà ṣe ń wá, kó má bàa bá wa lójijì.

Ní orílẹ̀-èdè Benin, ọ̀nà mẹ́ta ni ọ̀pọ̀ nínú wọn ń gbà wá.

Èkíní ni àwọn tí ọjọ́ wọn kì í yí padà: ọjọ́ kìíní ọdún, ọdún òṣìṣẹ́ ní ọjọ́ 1 oṣù karùn-ún, òmìnira tí a gbà lọ́dún 1960, ìyẹn ọjọ́ 1 oṣù kẹjọ, àti Kérésìmesì.

Èkejì ń tẹ̀lé Àjíǹde. Oṣù tó bá kún ní ọjọ́ 21 oṣù kẹta tàbí lẹ́yìn rẹ̀ ni wọ́n ń wò. Ọjọ́ Àìkú tó bá tẹ̀lé e ni Àjíǹde. Ẹ ka ọjọ́ 40 láti ibẹ̀, bí a ṣe ń ka ọjà, kí ẹ ka Àjíǹde fúnra rẹ̀ mọ́ ọn: Ọjọ́bọ̀ Ìgòkè-re-ọ̀run nìyẹn.

Ẹ̀kẹta ni ti Mùsùlùmí. Ọdún tiwọn jẹ́ ọjọ́ 354 tàbí 355, ìdí nìyẹn tó fi ń sún síwájú lọ́dọọdún. Ìléyá bọ́ sí ọjọ́ 28 oṣù kẹfà ní 2023, ọjọ́ 16 ní 2024, ọjọ́ 6 ní 2025. Ẹni tó bá ń fi ọjọ́ èṣí ra àgbò tà, ọdún á ti kọjá lórí rẹ̀!

Ìléyá ṣì dára, nítorí ọjọ́ kẹwàá oṣù ni. Bí oṣù bá ti lé, a ti mọ̀ ọ́n. Ìtúnu Ààwẹ̀ ló ń dé lójijì. Alẹ́ ọjọ́ 29 ààwẹ̀ ni wọ́n ń wo oṣù. Bí wọ́n bá rí i, ọ̀la ni ọdún. Bí wọn ò bá rí i, ó di ọ̀túnla. Ẹ tẹ́tí sí rédíò lálẹ́ ọjọ́ náà, ẹ ó gbọ́ ohun tí ìjọba bá kéde nípa ìsinmi.

Àmọ́ o, ọjà ọrọọrún wa kò mọ ìsinmi. Ó lè bọ́ sí ọjọ́ tí báńkì tì. Nítorí náà:

Ẹ gba owó ọjà sílẹ̀ ṣáájú.

Ẹ má jẹ́ kí oògùn ojoojúmọ́ tó kù kéré sí ti ọ̀sẹ̀ kan kí ẹ tó lọ gba òmíràn.

Bí wọ́n bá fún yín ní ọjọ́ abẹ́rẹ́, ẹ bi nọ́ọ̀sì pé, "Ṣé ìsinmi kò ní bọ́ sí i?"

Ṣùgbọ́n ìrọbí, ibà tó ń gbé ọmọ jìjìrì, ẹ̀jẹ̀ tó ń dà, ìwọ̀nyí kò ní ìsinmi. Ẹ má dúró dọ̀la. Ẹ gbéra lọ sí ilé ìwòsàn, ẹni tó wà lẹ́nu iṣẹ́ máa ń wà níbẹ̀.

Ó dìgbà o.