Ẹ̀kọ́ Kejìlá: Ètò Ìlera Ṣáájú Ìrìn-àjò sí Òkè-òkun

Ṣé o mọ ẹnì kan tí ó ń múra láti lọ sí òkè-òkun? Bóyá àǹtí rẹ ni, tàbí bàbá àgbà tí ó fẹ́ lọ sí Mẹ́kà. Ìwé ìrìnnà, owó ọkọ̀ àti aṣọ ni ọ̀pọ̀ ènìyàn kọ́kọ́ máa ń rò. Ọ̀rọ̀ ìlera ni wọ́n máa ń fi sí ìgbẹ̀yìn. Àwọn àgbà sì sọ pé, ogun àgbọ́tẹ́lẹ̀ kì í pa arọ tí ó bá gbọ́n.

Ohun kìíní ni abẹ́rẹ́ àjẹsára. Ẹ̀fọn ni ó ń tan ibà pọ́njú kálẹ̀. Kò sí oògùn tí ó ń pa kòkòrò àrùn náà nínú ara, ṣùgbọ́n abẹ́rẹ́ lè dènà rẹ̀. Ẹni tí ó bá gba abẹ́rẹ́ yìí yóò gba káàdì aláwọ̀ ìyeyè tí gbogbo ènìyàn ń pè ní yẹ́lò káàdì. Gánà àti South Africa wà lára àwọn orílẹ̀-èdè tí ó ń béèrè rẹ̀ lọ́wọ́ ẹni tí ó bá ti Nàìjíríà wá.

Má ṣe gbàgbé pé ọjọ́ mẹ́wàá gbọ́dọ̀ pé lẹ́yìn abẹ́rẹ́ kí káàdì náà tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, nítorí pé ara nílò àkókò láti kọ́ bí yóò ṣe bá àrùn náà jà. Ẹni tí ó gba abẹ́rẹ́ ní ọjọ́ karùn-ún oṣù yóò dúró di ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún. Tẹ́lẹ̀ rí, ọdún mẹ́wàá péré ni káàdì náà máa ń wúlò. Láti oṣù Keje ọdún 2016, ó ti di ti gbogbo ọjọ́ ayé ẹni.

Àwọn kan a máa ra káàdì láìgba abẹ́rẹ́. Ìwà yìí léwu púpọ̀. Ẹ̀fọn kò mọ̀wé kà. Káàdì lásán kò lè dá a dúró.

Ẹni tí ó ń lọ sí Mẹ́kà gbọ́dọ̀ gba abẹ́rẹ́ àrùn yírùnyírùn pẹ̀lú, ó kéré tán ní ọjọ́ mẹ́wàá kí ó tó dé ibẹ̀. Èrò púpọ̀ ni ó ń péjọ síbẹ̀, àrùn náà sì lè tètè ràn.

Ohun kejì ni oògùn. Ẹni tí ó ní ikọ́ fée, ẹ̀jẹ̀ ríru tàbí àtọ̀gbẹ gbọ́dọ̀ mú oògùn tí yóò tó o lọ́wọ́. Kí ó fi í sínú páálí tí wọ́n fi tà á, kí ó sì gba ìwé lọ́wọ́ dókítà. Àpò ọwọ́ ni kí oògùn wà, nítorí pé àpótí ńlá lè sọnù lọ́nà. Ọmọ tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ jẹ́ SS ní láti mú aṣọ òtútù dání, kí ó sì máa mu omi dáadáa, nítorí pé òtútù lè mú kí ara máa ro ó.

Ohun kẹta ni ọ̀rọ̀ ẹnu. Bí ibà bá mú ọ ní òkè-òkun, tètè lọ sí ilé ìwòsàn, kí o sì sọ fún dókítà pé Nàìjíríà ni o ti wá. Ibà tí ẹ̀fọn ń fà kò wọ́pọ̀ ní Ìlú Ọba. Bí o kò bá sọ̀rọ̀, dókítà lè má tètè ronú kàn án, ibà náà sì lè pa ènìyàn láàárín ọjọ́ díẹ̀.

Ìtumọ̀ ọ̀rọ̀
àjẹsára: ohun tí ó ń fún ara lágbára láti dènà àrùn
yírùnyírùn: àrùn tí ó ń mú kí ọrùn gan
ikọ́ fée: àìsàn tí kì í jẹ́ kí ènìyàn mí dáadáa

Ìbéèrè
1. Kí ni ó ń tan ibà pọ́njú kálẹ̀?
2. Bàbá Àlàbá fẹ́ dé Gánà ní ogúnjọ́ oṣù. Ọjọ́ wo ni ó pẹ́ jù tí ó lè gba abẹ́rẹ́?
3. Kí ni ìdí tí oògùn fi gbọ́dọ̀ wà nínú àpò ọwọ́?
4. Kí ni o máa sọ fún dókítà bí ibà bá mú ọ ní òkè-òkun?

Iṣẹ́ àṣetiléwá
Béèrè lọ́wọ́ àwọn òbí rẹ irú abẹ́rẹ́ àjẹsára tí o ti gbà. Kọ orúkọ wọn sínú ìwé rẹ.